Ẹ Má Fi Fọ́ọ̀mù Ilé-Ìwé Kọ́ Ọmọ Ní Irọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbọ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ilé-ìwé ni. Ẹlòmíràn á ní kí ló kan Ifá nínú fọ́ọ̀mù. Ó kàn án gidigidi. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé ara mi.

Nígbà tí mo mú àkọ́bí mi lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, akọ̀wé ilé-ìwé náà fún mi ní fọ́ọ̀mù. Mo kọ orúkọ, mo kọ ọjọ́ ìbí, mo kọ àdírẹ́sì. Mo dé ibi tí wọ́n kọ ẹ̀sìn sí. Àpótí méjì péré ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún Kìrìsìtẹ́nì, èkejì fún Mùsùlùmí. Mo gbójú sókè, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tiwa ò sí níbí." Arábìnrin náà rẹ́rìn-ín. Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá, ó ní, "Ẹ ṣáà mú ọ̀kan níbẹ̀, Bàbá. Fọ́ọ̀mù lásán ni." Mo bojú wẹ̀yìn, èrò ti tò sẹ́yìn mi. Mo fi àmì sí ti Kìrìsìtẹ́nì. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdè Ifá wà lọ́rùn ọwọ́ mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Kì í ṣe fọ́ọ̀mù lásán o. Nígbà tí ọmọ náà dé kíláàsì kẹta, wọ́n mú un mọ́ àwọn ọmọ tí yóò máa ṣáájú àdúrà ní ìpéjọ àárọ̀. Wọn kò ṣẹ̀ wá, ohun tí wọ́n bá nínú fáìlì rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé. Ọmọ dé ilé nírọ̀lẹ́, ó bọ́ bàtà, ó wá bi mí pé, "Bàbá mi, tí wọ́n bá bi mí ní ohun tí à ń ṣe nílé, kí ni kí n sọ?" Kò fi ẹ̀sùn kàn mí. Ohun tó ń béèrè ni bí òun yóò ṣe máa ru irọ́ tí èmi pa. Láti ọdún tí mo ti ń dá Ifá fún ènìyàn, mo ti gbọ́ ìbéèrè tó le lẹ́nu àwọn àgbà. Èyí tí ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn bi mí ni n kò rí ìdáhùn fún.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Kò ju ẹyọ kan lọ: òbí oníṣẹ̀ṣe gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún ilé-ìwé láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí òun náà sì pa òfin ilé-ìwé mọ́ débi pé ẹnikẹ́ni kò ní rí nǹkan sọ sí i. Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì bí ti àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ wa ló ń fẹ́ kí ilé-ìwé bọ̀wọ̀ fún wa, ṣùgbọ́n tí a kò ka ìwé òfin tí a fọwọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí ìtìjú yìí ti wá. Láti àwọn ọdún 1840 tí àwọn míṣọ́nnárì ti dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì, ilé-ìwé àti ilé ìjọsìn ti jọ wà lábẹ́ òrùlé kan. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ babaláwo ló kàwé níbẹ̀, a sì dúpẹ́ fún ìwé tí wọ́n kà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló wọlé pẹ̀lú orúkọ Ifáyẹmí tó jáde pẹ̀lú Olúyẹmí. Ẹni tó wọlé ní Ògúndélé jáde ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ kò lè pè. Àwọn òbí ìgbà náà kò ní ọ̀nà mìíràn. Àwa ní. Tí àwa náà bá ń ṣe bíi tiwọn lónìí, ẹ̀rù tiwa ni, kì í ṣe ti míṣọ́nnárì.

Kí ni mo ní lọ́kàn tí mo fi sọ pé a ní ọ̀nà? Ẹ wo Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 38. Apá kejì abala náà sọ pé a kò gbọdọ̀ fi dandan mú ẹni tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, tàbí láti kópa nínú ìjọsìn, bí ẹ̀sìn náà kì í bá ṣe tirẹ̀, tàbí tí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí i. Kò dárúkọ ẹ̀sìn kankan. Kò sọ pé ti ìwé méjì nìkan. Gbogbo ẹni tó bá ní ẹ̀sìn ni ó ń bá wí, ọmọ Ifá sì wà nínú wọn.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí láre lórí ọ̀rọ̀ hìjáàbù ní àwọn ilé-ìwé ìjọba ní Èkó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Amòfin Malcolm Omirhobo wọ aṣọ olórìṣà lọ sí ilé-ẹjọ́ náà ní Àbújá. Ó ní bí ẹlẹ́sìn kan bá lè wọ tirẹ̀, òun náà lè wọ ti òun. Àwọn kan yìn ín, àwọn kan bú u. Èmi kò bú u. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò tó ti dàgbà ni, ó mọ ọ̀nà ilé-ẹjọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó dá dúró láàárín ọgbọ̀n ọmọ nínú kíláàsì kò lè ja irú ìjà bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà òbí ni yóò bá a jà, lẹ́tà tó ti wà nínú fáìlì kí ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀.

Mo sọ pé apá kejì wà. Apá náà dùn mí láti sọ, nítorí èmi ni mo jẹ̀bi níbẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yẹn, orò ìdílé wa bọ́ sí àárín sáà ẹ̀kọ́ kẹta. Mo kó ọmọ méjì lọ sílé fún ọjọ́ mẹ́rin. N kò kọ lẹ́tà, n kò tẹ ẹnikẹ́ni láago. Nígbà tí a fi máa padà dé, ìdánwò ìṣirò ti kọjá, wọ́n sì ti fún èyí àbúrò ní òdo. Mo wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé bí ìjì. Mo ní wọ́n ń fi ẹ̀sìn fìyà jẹ ọmọ mi. Ìyá náà ní kí n jókòó, ó ní kí wọ́n bù mí lómi. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé òfin ilé-ìwé síwájú mi, ó fi ìka tọ́ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé òbí tí ọmọ rẹ̀ kò ní wá gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà ṣáájú. Tó bá jẹ́ àìsàn, kí ó fi tó wọn létí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ṣí ojú ewé ìkẹyìn, ìfọwọ́sí mi rèé gbàgàdà. Ó wá fa lẹ́tà kan yọ, ó ní, "Bàbá, ọmọ pásítọ̀ kan gba ààyè ọjọ́ mẹ́ta lóṣù tó kọjá. Lẹ́tà bàbá rẹ̀ rèé. Tí ẹ bá kọ irú ẹ̀ wá, ṣé ẹ rò pé mà á ní rárá?"

N kò rí nǹkan sọ. Òdo náà kò yí padà. Ọmọ náà ló wà nínú èsì rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbà á. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìyà tó ń jẹ wá nílé-ìwé ni ọ̀tá fi ń jẹ wá. Òmíràn wà tó jẹ́ pé àìkọ̀wé wa ló fà á. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àwọn nǹkan náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe máa ń bá òbí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé òfin ilé-ìwé. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti sanwó. Tí ojú yín kò bá ríran tó, tàbí tí ẹ kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, ẹ wá ẹni tí yóò kà á fún yín. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ awo pé kí ó há òfin mẹ́rìndínlógún inú Odù Ìkáfún sórí, àwa ni kò yẹ kí ó sọ pé ìwé òfin ojú ewé ogún ti pọ̀ jù. Ilé-ìwé ìjọba àti ilé-ìwé aládàáni kò rí bákan náà. Èyí tó jẹ́ ti ìjọ kan pátápátá ní ẹ̀tọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ ìjọ náà ní ẹ̀sìn wọn, òfin kan náà ló fún wọn. Bí ẹ bá rí i nínú ìwé wọn pé gbogbo ọmọ ló gbọ́dọ̀ lọ sí ìjọsìn wọn ní ọjọ́rú, tí ẹ sì fọwọ́ sí i, kí ni ẹ fẹ́ lọ bá wọn jà lé lórí? Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ẹ wo ilé-ìwé kí ẹ tó fi ọmọ lé e lọ́wọ́.

Fọ́ọ̀mù ló tẹ̀ lé e. Tí àpótí tiwa kò bá sí níbẹ̀, ẹ fa ìlà kékeré sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ kọ Ìṣẹ̀ṣe. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n dá ọmọ padà nítorí rẹ̀. Ọmọ mi kejì ni mo kọ́kọ́ ṣe é fún. Akọ̀wé wò mí, ó wo ìwé náà, ó ní, "Ó dáa, sà," ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Gbogbo ẹ̀rù tí mo ti ń bà fún ọdún mẹ́ta, kò gba ìṣẹ́jú kan. Bákan náà ni orúkọ. Ẹ kọ orúkọ ọmọ bí ẹ ti sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Ẹ má gé Ifá kúrò lára rẹ̀ kí ó lè rọrùn fún tíṣà. Àwọn babaláwo máa ń tọ́ka sí Odù Ọ̀sá Òtúrá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan òtítọ́. Báwo la ṣe fẹ́ ka odù náà fún ọmọ nílé ní alẹ́, kí a sì ní kí ó pa irọ́ láàárọ̀?

Ó kan ọ̀rọ̀ àìwá sílé-ìwé. Òfin UBE ti ọdún 2004 ti sọ ọ́ di ojúṣe òbí láti rí i pé ọmọ ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìpele àkọ́kọ́ ilé-ìwé gíríámà tán. Nítorí náà, ọjọ́ ilé-ìwé kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Ẹ wo kàlẹ́ńdà wa dáadáa. Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ, àárín ọlidé gígùn ló máa ń bọ́ sí. Ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo náà, oṣù Kẹjọ ni. Méjèèjì kò díwọ̀n fún ilé-ìwé rárá. Ìsinmi tí ìjọba Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun kéde fún Ìṣẹ̀ṣe ní ọdún 2023 jẹ́ iyì ńlá, a sì yọ̀, ṣùgbọ́n kò gba ọmọ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan nínú sáà ẹ̀kọ́. Àwọn tó ń bọ́ sí àárín ẹ̀kọ́ ni ọdún Ifá ní Òkè Ìtasẹ̀ ní oṣù Kẹfà, Ọlọ́jọ́ ní Ifẹ̀ nígbà tí sáà tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ọdún egúngún ní ìlú púpọ̀, àti orò ìdílé kálukú. Fún àwọn wọ̀nyí, ẹ kọ lẹ́tà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ kọ ọjọ́ tí ọmọ máa lọ àti ọjọ́ tí yóò padà. Ẹ béèrè iṣẹ́ tí yóò ṣe nílé. Tí ọjọ́ náà bá sì pa ìdánwò pọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe ìdánwò. Ìtẹ̀fá tí a lè mú ọjọ́ fún, ẹ sún un sí ọlidé. Ifá kì í sá lọ.

Ọ̀rọ̀ àdúrà àárọ̀ àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn náà wà níbẹ̀. Ní ilé-ìwé púpọ̀, CRK tàbí IRK ni ọmọ gbọ́dọ̀ mú. Òbí lè kọ̀wé pé òun kò fọwọ́ sí i, kí ó sì béèrè ohun tí ọmọ yóò máa ṣe ní àkókò náà, ìwé kíkà tàbí iṣẹ́ Yorùbá. Mo mọ òbí oníṣẹ̀ṣe tó ní kí ọmọ òun gbà á gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀. N kò bá a wí, ọmọ tó mọ ẹ̀sìn aládùúgbò kò tíì sọ tirẹ̀ nù. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ó jẹ́ òbí ló yàn án, kí ó má jẹ́ pé ìtìjú ló yàn án fún un. Ní ti ìpéjọ àárọ̀, èmi kò fara mọ́ kí ọmọ máa jókòó sínú kíláàsì nìkan lójoojúmọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀. Kí ó dúró lórí ìlà, kí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí ó bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kí ilé-ìwé mọ̀ pé kò ní kó àdúrà jọ, kò sì ní gun orí pèpéle láti darí rẹ̀.

Irun dàda àti ìdè náà ń fa wàhálà. Òfin irun gígé wà, òfin má wọ ìlẹ̀kẹ̀ wà, àwọn tó ṣe é sì ní ìdí tiwọn: wọn kò fẹ́ iná orí, wọn kò fẹ́ kí ọmọ olówó máa fi góòlù ṣe fáàrí. Tí ọmọ yín bá jẹ́ dàda, ẹ lọ rí ọ̀gá ilé-ìwé ṣáájú ọjọ́ ìwọlé, ẹ mú ọmọ náà dání. Ẹ ṣàlàyé pé bí a ṣe bí i nìyẹn, kì í ṣe àṣà ìgbàlódé. Ẹ ṣèlérí pé irun náà yóò máa mọ́, pé ẹ óò máa dì í, kí ẹ sì mú ìlérí náà ṣẹ. Dàda tó dọ̀tí ní ń ba ẹjọ́ àwọn dàda yòókù jẹ́. Ní ti ìdè, ẹ béèrè bóyá wọ́n gbà kí ó wà lábẹ́ apá ẹ̀wù. Tí ilé-ìwé aládàáni bá ní rárá pátápátá, ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó sanwó. Tó bá jẹ́ ilé-ìwé ìjọba, ẹ fi sùúrù kọ̀wé, kí ẹ sì tọ́ka sí abala 38.

Oògùn àti ara ọmọ ló kù. Ẹ má tọ́jú ìgò àgbo sínú báàgì ọmọ. Ilé-ìwé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọmọ lo oògùn tí òbí kò kọ̀wé nípa rẹ̀, ìbáà jẹ́ ti òyìnbó, ìbáà jẹ́ tiwa. Ẹ fún un mu nílé láàárọ̀. Èèwọ̀ oúnjẹ ọmọ náà, ẹ kọ ọ́ sí ibi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè ohun tí ọmọ kì í jẹ. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, tí olùdáná bu ú fún un, ẹ má bú olùdáná. Ní ti gbẹ́rẹ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò fẹ́ kí a máa kọ ilà sí ara ọmọdé. Tí olùkọ́ bá rí ojú ọgbẹ́ lára ọmọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti béèrè. Kò kórìíra wa, ọmọ wa ló ń ṣọ́. Ẹ̀yin babaláwo ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀nà ìtọ́jú tí kò ní abẹ nínú pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí a lò wọ́n fún ọmọdé.

Kékeré kan tún wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bàbá máa rán ọmọ awo lọ mú ọmọ rẹ̀ nílé-ìwé. Ọmọ awo dé ẹnu géètì, ọlọ́dẹ ní orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àwọn tí òbí kọ sílẹ̀ pé wọ́n lè mú ọmọ. Ó di ariwo, ó di èpè. Ẹ jọ̀ọ́, ìlú tí wọ́n ti ń jí ọmọ gbé la wà. Ọlọ́dẹ yẹn ló ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ọmọ awo náà sílẹ̀, kí ẹ sì fún ọlọ́dẹ lówó omi.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò. Ẹ óò ní, "Bàbá, tí a bá kọ Ìṣẹ̀ṣe sí fọ́ọ̀mù, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ á máa pè é ní ọmọ abọ̀rìṣà, olùkọ́ míì á máa wò ó bí àjẹ́." Òtítọ́ ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀, n kò ní parọ́ pé kò sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà ní ìhà kejì. Ọmọ tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ lè sunkún wá sílé, kí bàbá àti ìyá gbá a mọ́ra, kí wọ́n lọ rí olùkọ́ ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú ìwé tó wà nínú fáìlì. Ọmọ tó ń fi ara pamọ́ kò lè sunkún wá sílé, nítorí ilé ló ní kí ó fi ara pamọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a, lójú ọmọ ni wọ́n sì máa ti pàdé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jókòó sórí pèpéle lónìí tí wọ́n ń bú Ifá, inú ilé Ifá ni wọ́n ti bí wọn. Ta ló kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ohun ìtìjú ni?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìlú Ọba náà, tí wọ́n ń mú ọmọ wálé fún ìtẹ̀fá. Ní England, láti oṣù Kẹjọ ọdún 2024, owó ìtanràn fún mímú ọmọ kúrò nílé-ìwé láìgba ààyè jẹ́ £80 lórí òbí kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Tí wọn kò bá san án láàárín ọjọ́ 21, ó di £160. Òfin wọn gba ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn òbí bá yà sọ́tọ̀ fún ìjọsìn, nítorí náà lẹ́tà láti ilé Ifá tí ẹ wà ṣe pàtàkì. Òbí tún lè kọ̀wé pé kí ọmọ òun má kópa nínú ìjọsìn ilé-ìwé. Ní ti abẹ, ẹ ṣọ́ra púpọ̀. Láti ọdún 1974 ni ilé-ẹjọ́ ibẹ̀ ti dá ìyá kan lẹ́bi tó kọ ilà sí ojú àwọn ọmọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò fi ìyà kankan jẹ ẹ́. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kì í dákẹ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni ká ṣe? Mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ fi àpótí kẹta kún fọ́ọ̀mù yín. Ìlà kan ni, kò gba owó. Ifá tí UNESCO fi sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé, tí àwọn ènìyàn ń kọ́ ní Brazil àti Cuba, kò yẹ kí ó ṣòro láti kọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé tó wà ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ̀yin olórí ilé Ifá àti ẹgbẹ́ Ìṣẹ̀ṣe ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi òbí nìkan sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ̀ṣe, nígbà tí gbogbo ọmọ bá wà nílé, ẹ tẹ ìwé méjì jáde. Kí ọ̀kan jẹ́ kàlẹ́ńdà ọdún tó máa bọ́ sí inú sáà ẹ̀kọ́, kí èkejì jẹ́ lẹ́tà tó ti wà ní sẹpẹ́, tí òbí máa kàn fi orúkọ ọmọ àti ọjọ́ sí. Kí ẹ fi òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ lù ú. Tí òbí bá mú un lọ sí ilé-ìwé ní oṣù Kẹsàn-án, ilé-ìwé á mọ̀ pé kò dá dúró. Owó ìlù tí à ń ná lọ́jọ́ náà, ìdá kékeré nínú rẹ̀ tó fún un.

Ẹ̀yin òbí, ẹ máa lọ sí ìpàdé PTA. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe òfin tí à ń ráhùn lé lórí. Ẹ san owó ilé-ìwé lásìkò, ẹ mú ọmọ dé kí agogo tó lù, ẹ kí olùkọ́ kí ẹ tó bi í ní ìbéèrè. Ọmọ awo kì í pẹ́ dé ilé ọ̀gá rẹ̀. Kí ló dé tí ọmọ wa fi ń pẹ́ dé ilé-ìwé?

Àkọ́bí mi tó bi mí ní ìbéèrè ọjọ́ yẹn ti di géńdé. Ní ọdún tó kọjá, ó mú ọmọ tirẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀, ó sì tẹ̀ mí láago láti ọ́fíìsì ibẹ̀. Mo rò pé owó ló fẹ́ tọrọ. Ó ní, "Bàbá mi, mo ti dé ibi ẹ̀sìn lórí fọ́ọ̀mù. Mo kàn ní kí ẹ mọ̀ pé mo ti kọ ọ́." Kò sọ ohun tó kọ. N kò béèrè.

Kí Ọ̀rúnmìlà bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.